Ìtọ́jú lórí ìbálòpọ̀ àti àárín lọ́kọláya: ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, bí ojú tilẹ̀ ń tì wọ́n láti bèèrè, ni pé: ṣé wọ́n máa ní ká bọ́ra ni? Rárá o. Olùdámọ̀ràn lórí ìbálòpọ̀ kì í ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ aṣọ, kì í fọwọ́ kàn yín lára, kì í sì í ní kí ẹ ṣe ohunkóhun lójú òun. Orí àga ni ẹ máa jókòó sí, ọ̀rọ̀ ni ẹ máa sọ. Bí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní olùdámọ̀ràn bá ní òun fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín, tàbí tó ń bá ọ̀kan nínú yín tage, ẹ dìde kí ẹ máa lọ, kí ẹ sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ẹgbẹ́ tó fún un níwèé àṣẹ. Wọ́n lè ní kí ẹ lọ yẹ ara wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dókítà nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni yàrá rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sísọ àti iṣẹ́ àṣetiléwá ni gbogbo ìtọ́jú náà. Wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ni ẹ máa fi rí olùdámọ̀ràn. Wákàtí 167 tó kù, ọwọ́ yín ló wà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà nílé, títí kan ọjọ́ tí kò bá wù wọ́n, ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń yí padà. Ìdí tí a fi fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáa gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sá padà.

Ara ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ má tíì gbà pé ọ̀rọ̀ ọkàn ni, tàbí pé ẹnìkejì yín ló ti sú yín, títí dókítà á fi yẹ ara wò. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya wọ inú nǹkan ọkùnrin ló ń mú un dìde. Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá àti ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ máa ń dí i lọ́nà. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ síbẹ̀ tín-ín-rín ju èyí tó ń bọ́ ọkàn lọ, nítorí náà òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ dí. Ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ díẹ̀díẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ọkàn rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí àìsàn ọkàn lè máa bọ̀ lẹ́yìn. Àyẹ̀wò tí dókítà sábà máa ń ṣe ni ti ìfúnpá, ti ṣúgà, ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àti ti testosterone, èròjà tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yín fún ti testosterone yìí, torí àárọ̀ ló máa ń pọ̀ jù lára.

Ní ti obìnrin, ìrora ni kí ẹ má fojú kéré. Àkóràn, ọgbẹ́ ìbímọ tí kò jinná dáadáa, tàbí kí irú awọ tó tẹ́ inú ilé ọmọ máa hù síta rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló lè mú kí ìbálòpọ̀ máa dun obìnrin. Tí obìnrin bá ń fún ọmọ lọ́yàn, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dá, oestrogen, èròjà tó ń mú obìnrin jẹ́ obìnrin, máa ń lọ sílẹ̀, ojú ara á gbẹ, awọ ibẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Ìkúnra tí dókítà ń kọ fún un wà. Kò sí iye ìmọ̀ràn tó lè rọ́pò ìyẹn, ó sì ń dùn wá nígbà tí obìnrin bá ti fi ọdún méjì mú ìrora mọ́ra kí ẹnì kan tó bi í léèrè.

Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ìwé kan, kí ẹ mú un dání. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi sertraline àti fluoxetine lè dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù, ó sì lè mú kí adùn pẹ́ kó tó dé góńgó tàbí kó má dé mọ́ rárá. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bíi hydrochlorothiazide àti atenolol, lè fa irú rẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o! Dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kó dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn nitrate fún àyà dídùn ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan sildenafil (Viagra), oògùn tó ń mú nǹkan ọkùnrin le, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, torí ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tó lè pa á.

Ìbéèrè kan wà tí dókítà àti olùdámọ̀ràn á jọ bi ọkùnrin: ṣé ó máa ń le tí ẹ bá jí láàárọ̀, tàbí nígbà tí ẹ bá dá wà? Bí ó bá ń le nígbà wọ̀nyẹn tí kì í le níwájú ẹnìkejì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ dáa, kó jẹ́ pé ìbẹ̀rù tàbí ìjà abẹ́lé ló ń dí i lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ibi gbogbo ló ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, ara ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣàkíyèsí rẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ yan olùdámọ̀ràn, ẹ bi í lórí fóònù bóyá ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ ní pàtó, torí ọ̀pọ̀ tó mọ̀ nípa ìgbéyàwó ni kò kọ́ ti ìbálòpọ̀. Ẹ béèrè ẹgbẹ́ tó fún un níwèé àṣẹ, iye tó ń gbà, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá fagi lé àdéhùn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá ń fi ìbéèrè wọ̀nyí bínú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ kìíní

Ìṣẹ́jú 50 sí 60 ni ìjókòó kan sábà máa ń gbà. Àwọn mìíràn máa ń fi 90 sílẹ̀ fún tọkọtaya. Ìwé ni ẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí. Ẹ kà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé àṣírí yín kò ní jáde, àti ìgbà tó lè jáde: tí ẹnì kan bá fẹ́ pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn, tàbí tí wọ́n bá ń ṣe ọmọdé níbi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni á bi yín pé kí ló gbé yín wá, àti kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí. Ìbéèrè kejì yẹn ló máa ń mú ọ̀rọ̀ jáde jù. Olúkúlùkù ló máa sọ tẹnu rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ọkọ ń pè ní ìṣòro yàtọ̀ pátápátá sí ti ìyàwó. Ẹ má wá ẹni tó máa dá ẹjọ́ yín síbẹ̀. Àwọn kan ti to ẹ̀sùn wọn ní ẹsẹẹsẹ kí wọ́n tó dé, wọ́n ń retí kí olùdámọ̀ràn yíjú sí ẹnìkejì kó sọ pé, “Ìwọ lo jẹ̀bi.” Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbè sẹ́yìn ẹnì kan, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, torí ẹni tó jẹ̀bi kò ní padà wá.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà máa ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ojú ń ti ọ̀pọ̀ wa láti dárúkọ ẹ̀yà ara, gbogbo rẹ̀ á wá di “nǹkan yẹn.” “Nǹkan yẹn ò ṣe nǹkan kan.” Ṣé kò dìde ni, àbí ó dìde ó tún rọ, àbí àtọ̀ ló ti tètè jáde, àbí ó wù ú ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́? Ìtọ́jú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò pa pọ̀. Ẹ jọ mú ọ̀rọ̀ tí ẹnu yín lè gbé láìsí ìtìjú, ìbáà jẹ́ ti inú ilé tàbí ti dókítà, kí ẹ sì sọ fún olùdámọ̀ràn pé ohun tí ẹ ń pè é nìyí. Òun náà á máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ìjókòó ẹnìkọ̀ọ̀kan àti ọ̀rọ̀ àṣírí

Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, ọ̀pọ̀ olùdámọ̀ràn máa ń rí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Á bèèrè bí ẹ ṣe kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìbálòpọ̀, ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ nílé tí ẹ dàgbà sí, ìbímọ, oyún tó bàjẹ́, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti fipá bá yín lò rí. Ẹ lè sọ pé, “Mi ò tíì fẹ́ dáhùn ìyẹn.” Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Á tún ní kí ẹ mú òun lọ sí ìgbà tó kẹ́yìn: ta ló bẹ̀rẹ̀, aago mélòó ni, ta ló wà nítòsí, ibo gan-an ló ti yí padà, kí ni ẹ̀ ń rò lọ́kàn nígbà yẹn, kí ni ẹnìkejì sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré nínú gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Kí ẹ tó la ẹnu sọ àṣírí, bóyá ẹ ní ẹlòmíràn níta, tàbí gbèsè kan wà tí ẹnìkejì kò mọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí olùdámọ̀ràn máa ń ṣe sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kì í pa àṣírí ẹnì kan mọ́ fún ẹnìkejì. Wọ́n á fún yín láyè láti fúnra yín sọ ọ́, tí ẹ ò bá sì sọ ọ́, wọ́n á dá ìtọ́jú náà dúró. Àwọn mìíràn máa ń pa á mọ́. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yìn tí ẹ ti sọ ọ́ tán ni ẹ máa tó mọ èyí tó jẹ́.

Ibẹ̀ náà ni á ti bi yín bóyá wọ́n ń lù yín, tàbí ẹ̀rù ẹnìkejì ń bà yín nínú ilé. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ẹ sọ òtítọ́. Ìjókòó àjùmọ̀ṣe kò dáa fún irú ilé bẹ́ẹ̀, torí ohun tí ẹ bá sọ ní yàrá yẹn lè di ohun tí wọ́n á lù yín sí nílé. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n á máa rí, ọ̀rọ̀ ààbò yín ni wọ́n á sì kọ́kọ́ mú.

Ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹ má ṣe é mọ́

Èyí ló máa ń ya tọkọtaya lẹ́nu jù. Ẹ wá torí pé ìbálòpọ̀ ò lọ dáadáa, wọ́n wá ní kí ẹ dá a dúró pátápátá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan! Ó nídìí. Ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń wò ó bóyá ó máa le, bóyá ó máa dùn ún, bóyá ó máa pẹ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Ara tí ẹ̀rù ń bà máa ń lé ẹ̀jẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà, á sì máa mú iṣan abẹ́ obìnrin le. Tí ẹ bá ti mọ̀ dájú pé kò sí ìdánwò kankan lálẹ́ yìí, ẹ̀rù yẹn ò ní ibi tí yóò jókòó sí. Àwọn olùwádìí nípa ìbálòpọ̀, William Masters àti Virginia Johnson ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1970, òun sì ni ìtọ́jú ṣì dúró lé títí dòní.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ mú ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí àdéhùn. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ gbé fóònù síta, ẹ jẹ́ kí iná díẹ̀ wà. Ẹ bọ́ra dé ibi tó bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹnì kan á dùbúlẹ̀, ẹnìkejì á fọwọ́ kàn án lára fún ìṣẹ́jú 15, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, àyàfi ọmú àti abẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ipò. Ẹni tó ń fọwọ́ kàn ni kó máa kíyè sí ohun tí ọwọ́ òun ń gbọ́: ibi tó gbóná, ibi tó tutù, ibi tó ń dán, ibi tí irun wà. Kó má gbìyànjú láti mú inú ẹnìkejì dùn, kó má sì wọ́ ọ lára bí ẹni tó ń fi òróró wọ́ra fún èèyàn. Ẹni tó dùbúlẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan ju kó gbé ọwọ́ náà kúrò níbi tó bá ń dùn ún tàbí tó ń rìn ín.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tí olùdámọ̀ràn bá ní ó tó, ọwọ́ lè dé ọmú àti abẹ́, ṣùgbọ́n kí ó kọjá lọ bí ó ṣe ń kọjá lórí apá. Ìpele kẹta, ẹ ó jọ máa fọwọ́ kan ara yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkẹrin, wíwọlé láìmira, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mímira ló kẹ́yìn. Bí nǹkan ọkùnrin bá le tó sì tún rọ láàárín rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọ; ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ó máa ń padà wá fúnra rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá lé e.

Ibi tó ti ń bàjẹ́? Àkọ́kọ́, inú wọn á dùn lálẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n á rú òfin, wọ́n á bára wọn sùn. Bí ó bá dáa, wọ́n á rò pé àwọn ti yá. Bí kò bá dáa, ẹ̀rù á padà wá ní ìlọ́po méjì, ẹni tí wọ́n ti fi dá lójú pé kò sí ìdánwò kò sì ní gba ẹnìkejì gbọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún olùdámọ̀ràn tó bá ṣẹlẹ̀. Èkejì, wọ́n á sún un sí aago 12 òru tí oorun ti ń kùn wọ́n. Ẹ̀kẹta, wọ́n á ní kò sáyè lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà kò ní sáyè. Olùdámọ̀ràn kò ní bínú sí ìyẹn. Á bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé kò sáyè, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n lè fún yín

Fún ọkùnrin tí àtọ̀ rẹ̀ ń tètè jáde, inú ọ̀nà tí dókítà James Semans kọ nípa rẹ̀ ní 1956 ni èyí tí wọ́n ń lò báyìí ti wá: kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é títí yóò fi kù díẹ̀, kó dúró, kí ìgbóná náà rọlẹ̀ fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó dúró, nígbà kẹrin kó jẹ́ kó jáde. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kó pẹ́ kó tó dúró. Bí 10 bá jẹ́ ìgbà tí kò ṣeé dá dúró mọ́, 7 ni kó ti dúró, kì í ṣe 9. Lẹ́yìn tó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa ni ọwọ́ ẹnìkejì á tó wọ̀ ọ́.

Obìnrin tí ojú ara rẹ̀ máa ń pa dé, tí ohunkóhun ò lè wọlé, kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí ìpéǹpéjú ṣe ń pa dé tí ìka bá sún mọ́ ojú ni iṣan náà ṣe ń ṣe. Ọ̀pá kéékèèké tó ń dán, tí títóbi wọn ń lé ara wọn, ni wọ́n máa ń fún un. Èyí tó kéré jù kò ju ọmọńdinrín lọ. Kó fi jẹ́ẹ̀lì pa á, kó mí síta gùn-ún, kó fi í sí i fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kó má sì bọ́ sí èyí tó tóbi títí èyí tó wà lọ́wọ́ á fi máa wọlé láìsí ìrora àti ìbẹ̀rù. Òun ló máa dì í mú. Ọkọ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án àyàfi tí ìyàwó bá fún un. Ẹ rántí pé jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi omi ṣe ló bá kọ́ńdọ̀mù rọ́bà mu. Òróró àti ìpara máa ń bẹ́ ẹ.

Ní ti ẹni tí ìbálòpọ̀ kì í wù mọ́, olùdámọ̀ràn lè ṣàlàyé ohun tí dókítà Rosemary Basson ní Kánádà kọ ní 2000: fún ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti pẹ́ nílé ọkọ, fífọwọ́kàn ló ń ṣáájú, kí ó tó wá máa wù wọ́n. Kí ó má wuni látìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ohun tó yẹ kí ẹ jọ wá ni ohun tó ń fa ìfẹ́ náà sẹ́yìn bíi bíréèkì: àárẹ̀, ọmọ tó ń sùn sí yàrá kan náà, ìrora, ìbínú àná tí kò tíì tán.

Ìbínú yẹn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ẹnìkejì á tún un sọ kó tó fèsì. Ó máa ń lọ báyìí:

“Bàbá Dúpẹ́, ẹ kì í fọwọ́ kàn mí àfi tí ẹ bá ti fẹ́ bá mi sùn.”

“Ṣé èmi nìkan ni? Ìwọ ńkọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” olùdámọ̀ràn á dá sí i, “kí lẹ gbọ́ tí wọ́n sọ?”

“Ó ní... n kì í fọwọ́ kan òun àfi tí mo bá fẹ́ ìyẹn.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ó kù díẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí n máa yẹra tí ọwọ́ yín bá kàn mí.”

Ọkọ ti ń rò láti ọdún méjì pé òun ń rí ìyàwó òun lára ni. Tí ohùn bá sì ròkè, olùdámọ̀ràn á ní kí ẹ pín yà fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 20, torí bó ṣe máa pẹ́ tó nìyẹn kí ọkàn tó ń lù kìkì tó rọlẹ̀. Ẹ sọ aago tí ẹ máa padà kí ẹ tó dìde. Ẹni tó kàn jáde láìsọ nǹkan kan, sísá ni ẹnìkejì á pè é.

Ìgbà tó máa gbà

Ìṣòro kan ṣoṣo tó dá yàtọ̀ lè yanjú láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Bí ìwà ọ̀dàlẹ̀ tàbí ìfipábánilòpọ̀ àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ìjókòó kẹta sí ìkarùn-ún, ó lè dà bíi pé ọ̀rọ̀ burú ju bí ẹ ṣe gbé e wá lọ, torí ẹ ti ń sọ ohun tí ẹ ti ń gbé mì. Ẹ má dá a dúró níbẹ̀. Ní ìjókòó kẹfà, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn ní tààrà: kí ló ti yí padà, kí ni ẹ̀ ń lépa báyìí? Bí kò bá rí èsì tó nítumọ̀ fún yín, ẹ wá ẹlòmíràn.

Bí ẹnìkejì bá kọ̀ tí kò fẹ́ bá yín lọ, ẹ lè dá lọ. Ìwà ẹnì kan tó yí padà nínú ilé máa ń fa ti ẹnìkejì, ẹlòmíràn sì máa ń tẹ̀ lé ẹnìkejì rẹ̀ wá tó bá yá.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ parí, ìjókòó á di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lẹ́yìn náà oṣù kan. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ẹ jọ máa kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé kan: àmì tí ẹ máa fi mọ̀ pé ó tún fẹ́ padà, iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́kọ́ padà sí, àti iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó pè. Ẹ fi ìwé náà síbi tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀, tí àwọn ọmọ ò ní bá a.